Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ owó ìsìnkú nìkan lẹgbẹ́ ń tètè dá

Ìbéèrè: Akọ̀wé ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ kan ní agbègbè Ìsánlú, ní ìpínlẹ̀ Kogí, ló kọ̀wé sí mi. Wọ́n tó 60: bíríkìlà, káfíńtà, wẹ́dà, mẹkáníìkì, télọ̀, ríwáyà. Ọ̀kan nínú wọn, bíríkìlà, ti pa iṣẹ́ tì láti ìgbà tí ẹni tó kọ́lé fún ti jẹ ẹ́ lówó ńlá. Kì í sùn, kì í jẹun kánú, kò fẹ́ rí ènìyàn mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló yọ́ wá bá alága. Akọ̀wé ní àwọn fẹ́ máa dá owó sọ́tọ̀ fún irú ọ̀ràn báyìí àti fún ìdílé ẹni tó bá kàn, àmọ́ àwọn àgbà kan ní àdúrà lọ̀ràn náà ń fẹ́, pé owó ẹgbẹ́ kì í ṣe owó wèrè. Ó ní: ṣé ó ṣeé ṣe, báwo la ṣe máa gbé e kalẹ̀, kí sì ni ká ṣe fún arákùnrin wa báyìí?

Ìdáhùn

Ọ̀kún o, akọ̀wé wa. Ẹ bá mi kí àwọn àgbà ẹgbẹ́, ẹ sì bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó náà, torí òun ló kọ́kọ́ ṣe ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Ó ṣeé ṣe. Ẹ̀yin gan-an lẹ sì lè ṣe é, kò dìgbà tí ìjọba bá dé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó lè dúró de ìpàdé tó ń bọ̀. Arákùnrin wa ò lè dúró, torí náà ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹni méjì lọ bá a lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe ìgbìmọ̀, kì í ṣe alága àti àwọn ìjòyè rẹ̀. Ẹni méjì péré: ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, àti àgbà kan tó máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ ìwúrí bẹ̀rẹ̀. "Ṣara gírí", "ọkùnrin kì í ṣe báyìí", "ṣé o ò rí àwọn tí tiwọn burú ju tìẹ ni?", gbogbo ìyẹn máa ń pa onítọ̀hún lẹ́nu mọ́ ni. Kí wọ́n béèrè bó ṣe ń sùn. Ọkùnrin tí kò lè la ẹnu sọ pé inú òun bàjẹ́ á sọ fún yín pé orí òun ń gbóná, pé nǹkan ń rìn lágbárí òun, pé àyà òun ń já, pé gbogbo ara ń ro òun, pé láti aago méjì òru lojú òun ti máa ń là sílẹ̀. Bí ìbànújẹ́ tó di àìsàn ṣe máa ń jáde lára àwọn ènìyàn wa nìyẹn. Ọ̀pọ̀ wọn á ti lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, kí ẹnikẹ́ni tó fura. Bí irú nǹkan báyìí bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́, tí kò jẹ́ kí ó jẹun, ẹ má pè é ní ìrònú lásán mọ́. Àìsàn ni, ó sì gbóògùn.

Ìbéèrè kan wà tó máa wúwo lẹ́nu wọn, àmọ́ kí wọ́n béèrè rẹ̀ ní tààrà: "Ṣé ó ti ń ṣe ọ́ bíi pé kí o pa ara rẹ?" Àwọn ènìyàn rò pé bí a bá dárúkọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, àwa la fi sí i lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ṣèwádìí lórí rẹ̀ rí i pé bíbéèrè kì í dá èrò náà sílẹ̀. Ara máa ń tu ọ̀pọ̀ ènìyàn pé ẹnì kan tilẹ̀ láyà láti gbọ́ ọ. Bí ó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ má sì bá a ṣe ìlérí pé ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ẹ gbé e dé ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an.

Yálà ó ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ìyàwó rẹ̀ kó oògùn kòkòrò àti oògùn apakoríko kúrò nílé, kó lọ fi pamọ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Níbi tí gbogbo ilé ti ń dáko, tí ọ̀pọ̀ sì ní kajú, irú oògùn bẹ́ẹ̀ kì í jìnnà sí àrọ́wọ́tó. Ní Sri Lanka, nígbà tí ìjọba fòfin de àwọn oògùn oko tó lóró jù lọ, iye àwọn tó ń pa ara wọn fi nǹkan bí ìdajì dín kù láàárín bí ọdún 10. Ìdí ni pé èrò náà máa ń le fún ìwọ̀nba àkókò. Bí ohun tí ó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kò bá sí nítòsí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni àkókò náà máa ń ré kọjá, tí onítọ̀hún á sì tún máa wá ìrànlọ́wọ́.

Ní ti ibi tí ẹ máa gbé e lọ, ẹ má rò pé ó di dandan kó jẹ́ ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ lẹ máa kọ́kọ́ dé. Láti 2008 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń ti ètò kan lẹ́yìn tí ó ń kọ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì lásán láti tọ́jú irú àìsàn báyìí, Nàìjíríà sì ti ṣe tirẹ̀ nínú ètò náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọsibítù ìjọba tó sún mọ́ yín, tàbí kí ẹ lọ sí ọsibítù ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀. Kí dókítà yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò, kó yẹ ṣúgà wò, kó sì béèrè ohun tó ń lò. Kí ẹni tó bá a lọ má tijú láti dárúkọ trámádọ́ọ̀lù àti ògógóró bí wọ́n bá wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ wa ló bẹ̀rẹ̀ trámádọ́ọ̀lù nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n nídìí búlọ́ọ̀kù, kì í ṣe nítorí ìgbádùn, ó sì lè fa gìrì pẹ̀lú. Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá ti ibẹ̀, ọ̀nà méjì ni Ìsánlú ní: ẹ lè gba Mọ̀pà àti Kàbbà lọ sí ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ìjọba àpapọ̀ ní Lọ́kọ́ja, tàbí kí ẹ gba Ẹ̀gbẹ̀ lọ sí Ìlọrin, níbi tí ọsibítù Yunifásítì ti ní ẹ̀ka ọpọlọ, ọsibítù ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ tún wà ní Budo-Egba ní Kwárà. Ẹ tẹ àwọn tó wà níbẹ̀ láago láti mọ ọjọ́ tí dókítà ọpọlọ ń jókòó, kí ẹ tó gbéra. Bí ọ̀nà wa ṣe rí nísinsìnyí, kò yẹ kí ẹ rin ìrìn àjò yẹn lẹ́ẹ̀mejì láìnídìí, kò sì yẹ kí ilẹ̀ ṣú yín sójú ọ̀nà.

Ẹni tó bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, tó ní gbogbo ayé ń lé òun, tó ń jà tàbí tó ń rìn kiri lóru, ẹ má bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jókòó sọ̀rọ̀ títí. Ọ̀dọ̀ dókítà ni tààrà.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ owó. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí ju gbogbo ohun tó kù lọ: kì í ṣe bí owó ṣe pọ̀ tó ni yóò sọ bóyá ètò yìí máa pẹ́, bí kò ṣe bí ẹ bá ṣe lè pa àṣírí mọ́. Nínú ìpàdé wa, akápò a máa dìde, a ní: "A fún Lágbájá ní ẹgbàárùn-ún náírà, ìyàwó rẹ̀ bímọ." Gbogbo ilé á pàtẹ́wọ́. Àṣà tó dára ni, torí kì í jẹ́ kí owó rá. Bí ẹ bá fi irú àṣà yẹn ṣe èyí, ẹ ti pa á. Orúkọ ni oníṣẹ́ ọwọ́ fi ń jẹun. Ta ló máa gbé ìpìlẹ̀ ilé lé bíríkìlà lọ́wọ́ nígbà tí gbogbo ọjà ti ń sọ pé orí rẹ̀ ò pé? Ẹni tó bá gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ aládùúgbò rẹ̀ nínú ìpàdé lónìí kò ní wá bá yín nígbà tó bá kan tirẹ̀. Á kú sínú ilé ni.

Nítorí náà, ẹ yan olùtọ́jú owó méjì. Kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin, kó má sì jẹ́ ìyàwó ìjòyè ẹgbẹ́. Bí nọ́ọ̀sì tàbí tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì bá wà nílùú tí ẹnu rẹ̀ wúwo, ẹ bẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà ni kí wọ́n máa kọ sínú ìwé, kì í ṣe orúkọ: "ẹni kẹta, owó ọkọ̀, owó oògùn." Ìwé tó ní orúkọ á wà lọ́tọ̀, lábẹ́ àgádágodo. Lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹnì kan tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, ẹni tó mọ ìṣirò tí gbogbo yín sì fọkàn tán, wo ìwé méjèèjì pa pọ̀. Ohun tí ìpàdé máa gbọ́ kò ju iye tó wọlé, iye tó jáde, àti iye ènìyàn tó jẹ àǹfààní rẹ̀. Kí ẹ fi èyí sínú òfin ẹgbẹ́ kí owó àkọ́kọ́ tó wọlé, nígbà tí kò tíì kan ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ̀yin 60 bá ń dá 500 náírà lóṣù, 30,000 ni, ìyẹn 360,000 lọ́dún. Kò pọ̀, àmọ́ kì í ṣe owó yàrá ọsibítù lẹ fẹ́ san. Owó ọkọ̀ ènìyàn méjì ni, torí ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo kì í lè dá lọ, owó káàdì àti àyẹ̀wò, oògùn oṣooṣù, àti oúnjẹ inú ilé fún ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ tí kò fi ní lè ṣiṣẹ́. Èyí tí ẹ ò gbọ́dọ̀ fojú fò ni oògùn. Èyí tí wọ́n sábà ń fún ẹni tó ní ìbànújẹ́ ọkàn máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ràn án lọ́wọ́, nígbà tí ara bá sì ti yá tán, ó ṣì yẹ kó lò ó fún oṣù 9 sí 12. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń pàdánù: wọ́n tọrọ owó àkọ́kọ́, wọ́n ra ti oṣù kan, ojú là díẹ̀, wọ́n dáwọ́ dúró, ó tún padà. Ẹgbẹ́ tó bá lè san owó oògùn oṣù kẹjọ ti ṣe ju èyí tó pe àpèjọ ńlá lọ. Kí ìyàwó máa tọ́jú oògùn náà, kó máa fún un níwọ̀n tó máa lò, torí àwọn kan nínú rẹ̀ léwu bí ènìyàn bá gbé ọ̀pọ̀ mì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ má fi owó yìí rán aṣọ ẹgbẹ́. Ẹ má fi háyà ọ́fíìsì. Ẹ má sì yá ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀: gbèsè ló dá arákùnrin wa dùbúlẹ̀, ẹ má fi òmíràn kún un. Ní ti àsìkò, ẹ má jẹ́ kí 500 yẹn jẹ́ bákan náà yípo ọdún. Ìgbà kajú, láti bí oṣù kejì sí ìkarùn-ún, lowó máa ń wà nílùú, tí àwọn ènìyàn sì máa ń rántí pé ilé àwọn ò tíì ní òrùlé. Ẹ gbà á ní ìlọ́po nígbà náà, kí ẹ sì dákẹ́ nígbà òjò tó rinlẹ̀ tí kò síṣẹ́. Àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Àbújá, Èkó àti òkè òkun á fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, àmọ́ èmi ò ní bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ fi ọdún kan dá a fúnra yín, kí ẹ wá fi ìwé tó mọ́ hàn wọ́n. Ẹ jìnnà sí owó olóṣèlú tó máa fẹ́ ya fọ́tò pẹ̀lú ẹni tí ó ràn lọ́wọ́. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ àjọ adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Kogí bóyá oníṣẹ́ ọwọ́ lè wọlé ní ẹgbẹ́-ẹgbẹ́, àti ohun tí wọ́n ń san fún nínú ìtọ́jú ọpọlọ. Òfin 2022 ti sọ ìdójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, nítorí náà ẹ̀tọ́ yín ni láti béèrè.

Oògùn kan tún wà tí dókítà ò lè kọ. Ẹni tó jẹ ẹ́ lówó ńkọ́? Àwọn ìjòyè ẹgbẹ́ mẹ́ta tó bá dìde, tí wọ́n lọ bá onílé náà ní ìrọ̀rùn, ní orúkọ ẹgbẹ́, lè gba ohun tí bíríkìlà kan ò lè gbà. Láti àárín 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí náírà sì já wálẹ̀, àwọn tó gba iṣẹ́ ní àpapọ̀ iye kan ló ń fi àpò ara wọn dí àlàfo. Obájànà tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì kò jìnnà sí wa rárá, síbẹ̀ bíríkìlà wa kì í mọ iye tí àpò kan máa jẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ẹgbẹ́ ṣe ìwé àdéhùn kan tí gbogbo yín máa lò: kí oníbàárà san lẹ́yìn ìpìlẹ̀, kó san ní lẹ́ńtù, kó san kí òrùlé tó gùn, kí owó ohun èlò sì wà lọ́rùn onílé. Mo ka èyí mọ́ ìtọ́jú ọpọlọ, láìṣàwàdà. Ẹni tí gbèsè ò ká mọ́ kì í tètè ṣubú.

Fún àwọn àgbà tó ní ọ̀ràn yìí kì í ṣe tiwa, ẹ bá mi rán wọn létí Abẹ́òkúta. Ní 1954, Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Ẹ̀gbá tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn dókítà ọpọlọ àkọ́kọ́ nílẹ̀ wa, bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú kan ní Árò tí gbogbo ayé wá wò. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Ó mú wọn lọ gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká, tàwọn ti ìbátan kan tó ń se oúnjẹ fún wọn. Wọ́n ń bá wọn ṣe oko, wọ́n ń gba oògùn, àwọn onílé sì ń gba owó ilé. Àwọn àgbẹ̀ tí kò ka ìwé ló gba àwọn ènìyàn yẹn mọ́ra, ara wọn sì yá láàárín wọn. Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe ní Ìsánlú kò ju pé kí ará ìlú di ara ìtọ́jú lọ.

Àwọn ìyá àgbà ni Zimbabwe fi ṣe tiwọn. Láti 2006, dókítà Dixon Chibanda kọ́ wọn láti máa jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé ìwòsàn ní Harare, kí wọ́n máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo. Ìyá náà kì í wàásù. Á ní kí onítọ̀hún ka gbogbo ìṣòro rẹ̀, kó mú ẹyọ kan nínú rẹ̀, kí wọ́n jọ wá ohun kékeré kan tó lè ṣe sí i kó tó padà wá. Wọ́n dán an wò pẹ̀lú ènìyàn 573, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2016: lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, bí 14 nínú 100 ló ṣì ní àmì ìbànújẹ́ ọkàn nínú àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, nígbà tí ó jẹ́ bí 50 nínú 100 láàárín àwọn tí wọ́n fún ní ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá. Mo fẹ́ kí ẹ wá irú ìyá méjì bẹ́ẹ̀. Ọsirélíà náà ní èyí tó jọ tiyín: Mates in Construction, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ láti dá ọ̀rẹ́ wọn tí ọkàn rẹ̀ ń rẹ̀wẹ̀sì mọ̀, àwọn káfíńtà méjì tí wọ́n pàdánù ọ̀rẹ́ sì ta ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́, wọ́n fi lára èrè rẹ̀ ti ètò TIACS lẹ́yìn, tí oníṣẹ́ ọwọ́ àti ìdílé rẹ̀ fi ń bá olùdámọ̀ràn sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ má bá àwọn tó ní àdúrà jà. Àdúrà máa ń gbé ọ̀pọ̀ ró, pásítọ̀ àti àlùfáà mọ ilé tí wàhálà wà ju dókítà lọ. Ẹ pè wọ́n sí ìpàdé, kí ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n sì tún ní kó lọ gba oògùn. Ibi tí mo dúró lé ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ de aláìsàn mọ́lẹ̀, nà án, tàbí fi ààwẹ̀ lé ẹni tí kò ti jẹun tẹ́lẹ̀ lórí. Òfin Ìlera Ọpọlọ tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023 ló rọ́pò òfin àtijọ́ tó ti wà láti ìgbà òyìnbó, ní 1916, ó sì tako ìyà àti ẹ̀tanú báyìí. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàárín 4,984 ènìyàn ní Nàìjíríà, tó jáde ní 2006, fi hàn pé nínú àwọn tí àìsàn ọpọlọ wọn le gan-an, bí 8 nínú 100 péré ló rí ìtọ́jú láàárín ọdún kan. Àrùn tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo Ọlọ́ya ló ń ṣe: nínú 60 tí ẹ jẹ́, bíríkìlà yìí kò lè jẹ́ òun nìkan.

Ìyàwó rẹ̀ náà ń fẹ́ ìtọ́jú. Òun ló ń ṣọ́ ọ lóru, òun ló ń ta ọjà lọ́sàn-án, òun ni wọ́n sì máa kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn nínú ẹbí. Kí obìnrin kan láàárín àwọn télọ̀ yín máa yà lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó bi í bó ṣe ń sùn, kó bá a gba àwọn ọmọ fún ọjọ́ kan. Kí owó yìí wà fún òun fúnra rẹ̀ pẹ̀lú, bí òun ló bá nílò dókítà. Ẹ rántí àwọn ọmọ iṣẹ́ tó wà lábẹ́ ọkọ rẹ̀: ẹ fi wọ́n sọ́dọ̀ ọ̀gá mìíràn fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọdún wọn ń kà, kí òbí wọn má bàa wá dá ẹrù tuntun lé e lórí.

Nígbà tí ara rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yá, ẹ má ṣe àpèjẹ fún un. Ẹ fún un ní iṣẹ́ ìdajì ọjọ́, pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn oògùn kan máa ń jẹ́ kí ojú wúwo ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà kó má gun àkàbà, kó má sì dúró lórí pákó gíga títí dókítà á fi ní ó ti lè gùn ún. Kó bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀, níbi búlọ́ọ̀kù ìpìlẹ̀. Kó má sì fi ọtí pọ̀ mọ́ oògùn rẹ̀, pàápàá lọ́jọ́ tí wọ́n bá sanwó. Kí ẹ tó tú ká nínú ìpàdé tí ẹ máa fi dá ètò yìí sílẹ̀, kí àwọn olùtọ́jú méjèèjì ti mọ ẹni tó máa bá a lọ gba oògùn oṣù tó ń bọ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n máa gbéra.